Ìyá Tó Kọ Orúkọ Gbogbo Wa Sára Páálí: Ìtàn Ìgbésí Ayé Alhájà Sùlíyá Àwẹ̀ró Ojúọlápé (1934–1998)

Ọdún 1934 ni wọ́n bí Alhájà Sùlíyá Àwẹ̀ró ní Másífà, Ògbómọ̀ṣọ́, sínú ìdílé Yésúfù ahunṣọ àti Àwáwù aláró. Wọ́n kéwú dé ìdajì Kùránì kí wọ́n tó kọ́ aró lọ́dọ̀ ìyá wọn. Ní 1955 ni Alhaji Lásísì Ojúọlápé gbé wọn níyàwó, wọ́n sì kó wá sí Agége lọ́dún kejì. Ilé oníyàrá mẹ́jọ ni tọkọtaya jọ kọ́ síbẹ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé bá Alhaji ní 1979.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ilé náà rí mọ òfin Màmá. Páálí kan wà lẹ́nu ọ̀nà, orúkọ gbogbo ará ilé wà níbẹ̀, bí gbígbá àgbàlá ṣe máa kan wọ́n tẹ̀léra. Orúkọ Màmá fúnra wọn wà níbẹ̀. Kí sójà gbàjọba lọ́wọ́ sójà, ẹni tí gbígbálẹ̀ bá kàn ṣáà gbọ́dọ̀ jí. Ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ gbá ti ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ dídi bisikíìtì ni Màmá ń ṣe nílé-iṣẹ́ kan n'Ìlúpéjú. Ní 1983, ẹ̀rọ wọ́ ìborùn wọn lọ́rùn, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, Olúgbénró, ló sáré pa ẹ̀rọ náà. Lọ́dún kejì, àìsàn ọpọlọ kọlu Olúgbénró, wọ́n sì dá a dúró sílé ìwòsàn. Nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tó mú nǹkan le, dé, ilé-iṣẹ́ dá Màmá náà dúró lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n Màmá kò yé bẹ ẹni tó gba ẹ̀mí wọn là wò nílé ìwòsàn.

Ní 1988, dókítà ní ara Olúgbénró ti yá tó láti máa gbé láàárín ìlú, kó máa wá gbabẹ́rẹ́ lóṣooṣù. Nọ́ọ̀sì Fàúsát mú un dé ilé ẹbí rẹ̀. Wọ́n ti kó lọ, wọn ò sì sọ ibi tí wọ́n lọ fẹ́nikẹ́ni. Bí kò bá rílé gbé, wọ́ọ̀dù ni yóò padà sí. Màmá ní, "Yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ mi."

A ò ní purọ́ mọ́ òkú: Màmá kọ́kọ́ ṣì í ṣe. Àánú wọn ló pọ̀ jù. Wọ́n ń bá a fọṣọ, wọ́n ń bá a pọnmi, wọn ò sì kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí. Nígbà tó doṣù kejì, Olúgbénró palẹ̀ ẹrù mọ́, ó padà sẹ́nu géètì ilé ìwòsàn. Màmá sáré tẹ̀lé e débẹ̀. Ó ní, "Gbogbo ará ilé ló ń gbálẹ̀ àfi èmi. Àlejò ni mí níbẹ̀." Fàúsát wo Màmá lójú: "Alhájà, wọ́ọ̀dù lẹ tún kọ́ fún un nílé yẹn o." Ẹkún ni Màmá sun délé.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n kọ orúkọ Olúgbénró sáàárín tiwọn àti ti Yẹ̀kínì, wẹ́dà tó ń gbé yàrá kejì. Yẹ̀kínì fárí gá. "Màmá, ìgbálẹ̀ lẹ fẹ́ kó lé wèrè lọ́wọ́? Ṣé ẹ mọ̀ pé a kì í fìgbálẹ̀ na ọkùnrin? Màá kó jáde o!"

Màmá ní, "Orúkọ tìẹ lo lè pa rẹ́ níbẹ̀. Ti Olúgbénró ò ní kúrò."

Yẹ̀kínì ò kó. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kan Olúgbénró, gbogbo ilé yọjú lójú fèrèsé. Ó gbálẹ̀ dé etí gọ́tà, ibi tí àwa ọmọ onílé ò gbá rí. Kò pẹ́ tí Yẹ̀kínì fi ń pè é wá tún ẹ̀rọ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn méjèèjì sì jọ ń ṣiṣẹ́ títí dòní.

Ní 1994 tí epo bẹntiróòlù dàwátì, Màmá, ẹni ọgọ́ta ọdún, bá Olúgbénró fẹsẹ̀ rìn lọ gbabẹ́rẹ́. Àwọn méjì mìíràn tún ti wọ́ọ̀dù wá gbélé wa lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dé ni Màmá kọ orúkọ wọn.

Àárọ̀ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹwàá, 1998, ni Màmá dágbére fáyé. Àwọn ọmọ tó gbẹ̀yìn wọn ni Abdulmumin, Hàmdálàt, Kazeem àti Olúgbénró, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mọ́kànlá.

Màmá gan-an ni gbígbálẹ̀ kàn lọ́jọ́ tí wọ́n kú. Ẹkún ò jẹ́ ká rántí. Nígbà tí a ó fi gbé wọn jáde, àgbàlá ti mọ́ dé etí gọ́tà, Olúgbénró dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Mo mọ òfin. Ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni."

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ wọn. Màmá, ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ sùn re o.