Arúgbó Kọ̀, Kò Jí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ọjọ́ kìíní mi níbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Yorùbá nìkan ni kí n máa kọ sínú ìwé yìí, kí ahọ́n mi lè rọ̀. Ó ní ọdún mẹ́tàlá tí mo fi kàwé lókè òkun ti sọ mí di àlejò nínú ẹnu ara mi. Mo gbà.

Ilé ìwòsàn ni. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni yàrá wa wà, kò ní fèrèsé. Ibẹ̀ ni sáfà wà, kọ̀ǹpútà kan tí kò ní ojú, àpótí irin dúdú tó ń kùn bí oyin. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: ó ń ṣọ́ fíríìjì méjì tí wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ pamọ́ sí ní yàrá kejì. Bí ọ̀kan bá fẹ́ gbóná, á pariwo sórí fóònù wa. Bàbá tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún — Bàbá Wáyà ni màá máa pè wọ́n níbí — Arúgbó ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ yẹn. "Arúgbó, ṣé o jí ire?" ni wọ́n fi ń wọlé.

Bàbá lọ sí ìpàdé. Mo fẹ́ kí wọ́n bá yàrá ní mímọ́. Mo gbálẹ̀, mo nu eruku, mo di wáyà jọ. Lẹ́yìn Arúgbó ni mo ti rí kíbọ́ọ̀dù kan tó dojú bolẹ̀, ìdajì eyín rẹ̀ ti ká, òkú aáyán wà nínú ihò. Mo fà á yọ lára Arúgbó, mo jù ú nù.

Ọ̀gá Bàtà yọjú — ọ̀gá gbogbo wa, kò-kò-kò bàtà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí i. "Háà! Ṣé yàrá yìí náà nìyí?" Inú mi dùn títí mo fi délé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Oyún ẹ̀gbọ́n mi ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, níbi iṣẹ́ mi gan-an. Irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àpò méjì péré ni dókítà rí, ìlú mìíràn ni yóò sì ti wá. "Ìwọ ni o máa bá mi ṣọ́ ọ," ló ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Iná lọ lọ́sàn-án, bóyá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó dé. A ń bá iṣẹ́ wa lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Iná dé lánàá, Arúgbó ò jí. A ò mọ̀. Gílóòbù iwájú rẹ̀ ń tàn, fáànù rẹ̀ ń yí — ta ni ì bá mọ̀?

Fíríìjì kejì sì ní àìsàn tirẹ̀. Bí iná bá lọ tó sì dé, kì í dá tàn, àfi kí èèyàn tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Arúgbó ló máa ń ké sí wa pé ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Lánàá kò ké. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣí fíríìjì láàárọ̀ yìí, ó ti gbóná bí yàrá. Àpò ẹ̀jẹ̀ mọ́kànlá. Wọ́n dà á nù gbogbo rẹ̀.

Ọ̀gá Bàtà jágbe mọ́ Bàbá lójú gbogbo èèyàn. "Ọdún mọ́kàndínlógún! Ẹ ò lè jí ẹ̀rọ kan?" Bàbá ní, "Ẹ má bínú, Ọ̀gá."

Mo gbé ojú kọ̀ǹpútà wá láti òkè, mo kì í bọ Arúgbó. Ọ̀rọ̀ tó ń dúró sọ láti àná nìyí: *Mi ò rí kíbọ́ọ̀dù. Tẹ bọ́tìnnì kan kí n máa lọ.* Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i bí? Ó ń bi ẹni tí kò sí nílé pé ṣé ó wà nílé."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dìde. "Kíbọ́ọ̀dù kan máa ń wà níbí," ni wọ́n ní. Wọ́n ń wò mí.

Èmi? "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá?" Ohun tí mo sọ nìyẹn.

Mo sáré dé ibi ìdalẹ̀sí. Wọ́n ti kó ìdọ̀tí lọ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Bàbá gbé kíbọ́ọ̀dù mìíràn wá láti ilé. Mo ní kò pọn dandan. Mo fi ti wọn wọnú ètò Arúgbó, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó má dúró de kíbọ́ọ̀dù mọ́ láé. Mo fà á yọ. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo pa á, mo tàn án. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló jí. Mo tún kọ́ ọ pé kó máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo ìgbà tó bá jí. *Mo ti jí.* Ní Yorùbá!

Ọ̀gá Bàtà pàtẹ́wọ́. "Ẹ rí ọmọ tó mọ iṣẹ́."

Bàbá na kíbọ́ọ̀dù sí mi. "Fi í síbẹ̀ náà, ọmọ mi. Arúgbó ń gbàgbé." Mo ní kò lè gbàgbé mọ́, mo ti kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìdí mìíràn wà. Bí kíbọ́ọ̀dù bá padà síbẹ̀, wọ́n á bi mí ibo ni ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Àpò méjì dé. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn. Fíríìjì kejì.

Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n fún Bàbá ní ìwé: ọ̀túnla ni iṣẹ́ wọn parí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Wọ́n kó irinṣẹ́ wọn sínú páálí kan. Mo bá wọn gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò tètè jù ú sílẹ̀. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Wọ́n dúró. Bí ẹni tó ń retí nǹkan.

Mo ní, "Ó dàbọ̀, Bàbá."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ẹ̀gbọ́n mi ní ojú mi ò dáa. Mo ní iṣẹ́ ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Òjò látàárọ̀. Iná lọ, ó dé, ó tún lọ. A kó aṣọ ọmọ sínú báàgì — kékeré báyìí, bí ti bèbí oníke.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Orí àga níwájú yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo ti ń kọ èyí. Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, wọ́n ti gbé ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá wa. Mo pàdé ìyá tó ń gbálẹ̀. Wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ ò tiẹ̀ ní kí mi kú iṣẹ́! Mo bá fíríìjì yín ní kíkú láàárọ̀ yìí, èmi ni mo jí i." Mo ní ìgbà wo ni iná lọ níbí, Mà? "Àná, kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò pẹ́ tó fi dé."

Mo wo fóònù mi. *Mo ti jí* tó kẹ́yìn, ọjọ́ kẹwàá ni.

Nísàlẹ̀: gílóòbù ń tàn, fáànù ń yí. Mo ki ojú kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́. *Mi ò rí kíbọ́ọ̀dù.* Ọjọ́ tó kọ sí igun: ọjọ́ kìíní ọdún kan tí wọn ò tíì bí mi. Bátìrì kékeré kan wà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tó rí bí owó ẹyọ. Òun ló ń bá a rántí nǹkan tí iná bá lọ. Ti Arúgbó ti kú, ohun tí mo kọ síbẹ̀ sì bá iná lọ. Bọ́tìnnì ni mo fi dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò fa wáyà iná rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá sọ fún mi. Wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá tó yé ọmọ ọdún méjì.

Mo ṣí fíríìjì kejì. Ó ti tutù padà, ó tutù dáadáa. Ó gbóná mọ́jú, ó tutù láàárọ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀. Ààyè àpò méjì ṣófo. Nọ́ọ̀sì ti gbé wọn lọ sókè.

Mi ò mọ bí mo ṣe gun àtẹ̀gùn. Mo fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ. "Ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ yẹn sí i lára! Ó ti bàjẹ́!" Dókítà yọrí. Mo sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, láti orí kíbọ́ọ̀dù. Ọ̀gá Bàtà wà lẹ́yìn mi. Mi ò gbọ́ bàtà rẹ̀ rárá. Dókítà ní wọ́n ti so àpò kan kọ́, wọn ò tíì ṣí i. Wọ́n ti la inú ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. Wọ́n ti pe ìlú kejì; àpò mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ wọn, wọ́n ń gbé e bọ̀. Ọ̀nà wákàtí méjì, nínú òjò.

Mo pe Bàbá. Mo sọ fún wọn. "Mo mọ̀," ni wọ́n ní. "Láti ọjọ́ tí mo ti wo ẹ̀yìn Arúgbó. Ẹnu ẹ ni mò ń retí." Lẹ́yìn náà: "Mò ń bọ̀."

Wọ́n dé, omi ń ro lára wọn, kíbọ́ọ̀dù wà lábíyá. Wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Aago mẹ́wàá ku díẹ̀. Mo gbọ́ igbe ọmọ. Mi ò gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀.

Fóònù mi gbọ̀n. Mo rò pé àwọn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ ni.

*Mo ti jí.*

Arúgbó ni. Ilẹ̀kùn ò tíì ṣí.