Iṣu Alájì, Pákó Alájì

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Keje, 2025

Páálí ìwé kún ilẹ̀ yàrá àwọn ọmọdé, lórí símẹ́ǹtì lásán. Ìwé tuntun ni gbogbo wọn. Bí mo bá ti ń wò wọ́n ni àyà mi ń já, torí mo mọ ohun tí kòkòrò ṣe sí àwọn ti àtijọ́. Pákó olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi kan ṣẹ́ẹ̀fù ìgbà yẹn — kòkòrò ti inú pákó bọ́ sínú ìwé, a kó gbogbo ẹ̀ sẹ́yìnkùlé, a dáná sun ún. Èmi ni mo ṣáná sí i. Olórí ibi ìkàwé, tó ń sun ìwé. Kò tún gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ lójú mi l'Éèrúwà yìí.

Káfíńtà méjì ló ń du iṣẹ́ ṣẹ́ẹ̀fù tuntun. Mo ní kí kálukú gbé ẹyọ kan wá fún àpẹẹrẹ. Wọ́n gbé e dé lónìí. Ti Malachi, ará ìlú Tápà, dára. Ti Alájì Hàkímù náà dára — ojúlówó tíìkì, ó wúwo, ó ń dán. Kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n mo bi í níbi tó ti ń ra igi, mo bi í bóyá a lè wá wo ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ló bá rẹ́rìn-ín. Mo tún bi í, ó tún rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín ni mo máa máa pè é níbí.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Keje

Mo sọ fún Alága — Ọ̀gbẹ́ni Gbénró, tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ tó ń bá ibi ìkàwé ra nǹkan — pé ká lọ wo ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì ká tó yan ẹnikẹ́ni. Ibi tí igi ti wá. Bó ṣe gbẹ tó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ó ní, “Ìyá Àmírà, ṣé ṣẹ́ẹ̀fù la fẹ́ rà ni àbí ìyàwó la fẹ́ fẹ́?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ṣebí a máa ń wádìí ilé ìyàwó ká tó fẹ́ ẹ? Bẹ́ẹ̀ owó ara ẹni la fi ń gbéyàwó, owó ìlú lèyí. Ojú ẹ̀ korò. Ó ní ó di ìpàdé ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọjọ́ Jímọ̀, 11 Oṣù Keje

Mo tibi iṣẹ́ dé, mo gbóhùn odó láti ìta. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Òpè! Ogún iṣu ni wọ́n tò sẹ́yìn ilẹ̀kùn, iṣu Igangan, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi bí itan àgbàlagbà. Ẹlẹ́rìn-ín ló ní kí wọ́n gbé e wá “kí àwọn ọmọ rí nǹkan jẹ.” Kábíyèsí — ìyá ọkọ mi — ló ń gún ọ̀kan nínú wọn. Mo ní, “Màmá, iṣu yìí kì í ṣe tiwa o.” Kò tiẹ̀ dá ọmọ odó dúró. Ó ní, “Ta ló wá ni ín? Iyán ni mo fẹ́ jẹ, mi ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.” Ó bu ti Àmírà fún un. Ọmọ mi jẹ, ó lá ọwọ́. Èmi mu gàrí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Keje

Mo lọ sọ́jà, mo ra iṣu kan dípò èyí tí wọ́n gún. Mo pe Búrẹ́mọ̀ oníkẹ̀kẹ́ márúwá kó wá kó gbogbo ẹ̀ padà fún Ẹlẹ́rìn-ín. Ni Kábíyèsí bá lọ wọṣọ. Ó ní a kì í dá oúnjẹ padà fún èèyàn láìrán àgbà tẹ̀ lé e, pé ìjà ni wọ́n máa kà á sí, pé òun á bá a lọ, òun á fi ẹnu tútù bá Alájì sọ ọ́. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é níbí. Omijé fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi. Látọjọ́ tí mo ti ń bá obìnrin yìí gbé, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa gbè mí nìyí.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Keje

Kábíyèsí ní Alájì kí mi, kò bínú rárá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Keje

Mo tẹ́ lónìí. Mo tẹ́ pátápátá.

Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ mo dìde. Mo ní ìlànà ni pé ẹni tó bá gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn tó ń du iṣẹ́, kó sọ ọ́ síta. Mo ní wọ́n gbé iṣu wá sílé mi, mo sì ti dá a padà, kò dín ẹyọ kan. Alága wò mí, ó yọ fóònù, ó pe Ẹlẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́.

“Iṣu? Iṣu kankan ò padà sọ́dọ̀ mi o. Ẹ má yọ ìyàwó wa lẹ́nu jàre, ẹ jẹ́ kó máa jẹ iṣu ẹ̀.”

Ẹ̀rín! Wọ́n fẹ́ẹ̀ ṣubú lórí àga. Alága ní, “Bẹ́nu bá jẹ, ojú á tì, Ìyá Àmírà. Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún wa.” Wọ́n ní kí n jáde. Orí páálí ìwé ni mo jókòó sí tí wọ́n fi yan Ẹlẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó lọ wo ṣọ́ọ̀bù kankan.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Alága ṣí búùtù mọ́tò ẹ̀. Iṣu. Ó tóbi bí itan. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni mo lanu sọ tèmi.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Keje

Lánlátẹ̀ ni iṣu wà. Lọ́dọ̀ àbúrò Kábíyèsí. Búrẹ́mọ̀ ló jẹ́wọ́ fún mi, ó ní Màmá ló ní kóun yà síbẹ̀, àwọn ò dé ọ̀dọ̀ Alájì rárá. Mo délé, mo bi í. Kò sẹ́. Ó ní, “Ṣé kí ilé wa wá di ilé tó ń dá oúnjẹ padà? Ta ló tún máa fún wa ní nǹkan? Àbúrò mi ò rí iṣu gidi jẹ látọjọ́ tí ọkọ ẹ̀ ti kú.” Mo pariwo. Mo pe ìyá ọkọ mi ní òpùrọ́ lójú ọmọ mi. Ó ní òun á fẹjọ́ mi sun ọmọ òun. Kó fi sùn!

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Keje

Bàbá Àmírà pè láti Ìbàdàn. Ó ní kí n kúnlẹ̀ bẹ ìyá òun. Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi nìkan ló bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, 25 Oṣù Keje

Malachi wá gbé ṣẹ́ẹ̀fù ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ní, “Màmá, ẹ kú iṣẹ́.” Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣu, ó hàn lójú ẹ̀. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá ibi tí ṣẹ́ẹ̀fù ẹ̀ dúró sí, ó lọ. Ì bá sàn kó bú mi.

Ti Ẹlẹ́rìn-ín ṣì wà níbẹ̀. Ó rán èèyàn wá gbé e lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ó di ọjọ́ tí àwọn yòókù bá dé. Ìkà ni mí báyìí.

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ

Òjò. Omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Mo gbé páálí sórí tábìlì, sórí àga, sórí itan ara mi. Lọ́jà wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Oníyán. Mo gbọ́. Mo ń ra ata mi lọ.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹjọ

Ṣẹ́ẹ̀fù dé. Ẹlẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e wá, ó gbé ẹ̀rín ẹ̀ dání. Alága náà wá. Wọ́n yọ mí nínú yíyàn, wọ́n gbàgbé pé bí mi ò bá fọwọ́ sí i pé ọjà dára, kò sẹ́ni tó máa sanwó.

Mo ní kí wọ́n gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó kọ́kọ́ gbé wá. Ọ̀dà kan náà ni wọ́n fi kùn ún, èèyàn á ní ìbejì ni. Èyí àkọ́kọ́, ọkùnrin méjì ló gbé e. Èyí tuntun, ọwọ́ kan ni mo fi gbé e sókè. Mo gbé e kalẹ̀, ó dún gbì, lẹ́búlẹ́bú funfun dà nínú ihò kòkòrò kan sí ẹsẹ̀ mi. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti gbá irú ẹ̀ lára ìwé rí, lọ́jọ́ tí mo ṣáná sí wọn.

Mo ní mi ò fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Alága sún mọ́ mi, ó ń ṣe jẹ́jẹ́, bẹ́ẹ̀ gbogbo àwọn tó wá kàwé ló ń gbọ́: “Ìyá Àmírà. Iṣu ńkọ́?”

Ohun tí mo ti ń bẹ̀rù látọjọ́ yìí nìyẹn. Mo ti ń tìtorí ẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ọjà kọjá. Ó wá dé, mo wò ó, kò tó nǹkan.

Mo ní, “A jẹ ẹ́. Gbogbo ẹ̀. Ìyá ọkọ mi jẹ, ọmọ mi jẹ, wọ́n jẹ ẹ́ dé Lánlátẹ̀. Iṣu náà dùn, Alájì, ẹ ṣeun. Ẹ wá kó pákó yín.”

Ẹlẹ́rìn-ín gbàgbé láti rẹ́rìn-ín. Mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, mo dúró tì í títí wọ́n fi kó gbogbo ẹ̀ jáde sínú òjò.

Páálí ìwé ṣì wà nílẹ̀. Ẹnu ti jẹ. Ojú ò tì.