Ọjọ́ Kẹfà Tí Afẹ́fẹ́ Ò Fẹ́

Akọ́wé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Ara ìyá rẹ ti yá, orúnkún nìkan ló kù. Èmi tí mi ò kà ju ìwé mẹ́ta lọ, èmi náà ṣì ni mo ni ilé yìnyín tí wọ́n ń kó nǹkan sí kó má bàa bàjẹ́, tó tóbi jù níbí. Oògùn ọsibítù pàápàá, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń kó o sí.

Ṣé o rántí ìpàdé tí wọ́n ti ní ká máa sanwó fún ilé iná mànàmáná àtijọ́ tó ń lo epo, kó lè dúró de ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ò bá fẹ́? Èmi ni mo pariwo jù: “Ta ní í sanwó fún ọ̀lẹ tó kàn jókòó?” Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ti ilé iná náà pa. O kìlọ̀ fún mi, mo ní ọmọ kì í kọ́ bàbá rẹ̀ lówò.

Ọjọ́ kẹfà rèé tí abẹ̀bẹ̀ ńlá orí òkè tó ń fún wa níná ò yí. Yìnyín mi ń yọ́. Láàárọ̀ yìí nọ́ọ̀sì wá wo oògùn, ó fọwọ́ kan ògiri, kò tutù mọ́.

Jọ̀ọ́, bá mi bi àwọn ọ̀gá rẹ ní ilé-iṣẹ́ iná bí wọ́n ṣe ń jí ilé iná tó ti kú. Èmi ni màá kọ́kọ́ sanwó ọ̀lẹ náà. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Mo ń wo igi ẹnu ọ̀nà bí mo ṣe ń kọ èyí, ewé kan ò mì.

Bàbá rẹ.