Máàkì Márùn-ún fún Ìdúpẹ́

Nimia ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Asunción? Ṣé àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu jù? Mo gbà á ládùúrà pé Màríà Wúńdíá ti Caacupé yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ, mọ́tò kò ní gbá ọ, olè kò ní mọ ojú ilẹ̀kùn rẹ. Tí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, a wà, a ń jẹ, a ń mu. Màlúù pupa ti bímọ, akọ ni. Ìjì gbé ẹ̀gbẹ́ kan òrùlé ilé ìdáná lọ, ṣùgbọ́n igi máńgòrò tí ìyá rẹ gbìn ṣì dúró, ó so débi pé àwọn ẹlẹ́dẹ̀ Ceferino aládùúgbò wa kò lè jẹ ẹ́ tán.

Má wulẹ̀ máa ronú pé ta ló bá mi kọ lẹ́tà yìí. Èmi Liborio bàbá rẹ ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà láti ìgbà ìkórè òwú, nínú yàrá tí ìwọ náà ti kọ́ ìwé kíkà, lórí àga kékeré tí orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Blásida ọmọ Ceferino ni tíṣà wa, òun tí ẹ jọ máa ń jí gúáfà nínú oko wa. Àfi kí n máa nawọ́ sókè sí i báyìí tí mo bá fẹ́ lọ tọ̀. Ayé mà ń yí o.

Lẹ́tà yìí gan-an ni ìdánwò mi. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kó kọ lẹ́tà sí ẹni tó fẹ́ràn, ní èdè Sípéènì, kì í ṣe Guaraní tí a fi ń bá ara wa jà. Ẹ̀ẹ̀kejì tí màá kọ ọ́ nìyí, nítorí ti àkọ́kọ́ kò yege.

Ti àkọ́kọ́ yẹn, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀gẹ́ lójú títì náà ni wọ́n ṣe ń wọn lẹ́tà, mo wá tẹ bírò mọ́lẹ̀ gan-an kí ọ̀rọ̀ náà lè wúwo, títí ìwé fi ya. Blásida wá ní ẹ̀rọ kan ní olú ìlú ni yóò kọ́kọ́ kà á kí ènìyàn tó kà á. Ṣé mo wá lè wọ ilé onílé kí n má kí i? Mo kọ́kọ́ kí ẹ̀rọ náà, mo kí i kú iṣẹ́, mo sì béèrè àwọn ará ilé rẹ̀. Nígbà tí Blásida fẹ́ fi fóònù ya ìwé náà, mo lọ wọ ẹ̀wù funfun tí mo fi gbé ìyá rẹ níyàwó, mo ya irun, mo dúró sẹ́yìn ìwé. Ó ní Bàbá Liborio, ìwé nìkan ni mò ń yà o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo sún, ṣùgbọ́n mo ṣì rẹ́rìn-ín músẹ́, bóyá fọ́tò náà á mú mi ní igun kan.

Èsì dé. Ìwé tí wọ́n fi ń fúnni ní máàkì, ilà ni wọ́n fà sí i bíi fèrèsé, ojú kan fún bí a ṣe bẹ̀rẹ̀, ojú kan fún bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n yọ máàkì nítorí ẹ̀rọ tí mo kí, mo gbà. Ṣùgbọ́n níbi ìdúpẹ́, odo ni wọ́n fi sí i, máàkì márùn-ún gbáko, òun ló sì jẹ́ kí n fìdí rẹmi. Blásida ní ìwé náà sọ ọ́ kedere pé lẹ́tà tó pé gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí a kọ ọ́ sí. Ó ní ẹ ṣáà kọ ọ́, Bàbá, pé Nimia mi, o ṣé, kí ló le níbẹ̀?

Mo ní n kò lè kọ ọ́. Mo ní ṣé ìwọ kì í bá wa mu tereré ni, omi tútù tí a ń bù sórí ewé nínú ìwo màlúù kan ṣoṣo, tí gbogbo wa ń mu yí ká? Ẹni tí wọ́n na ìwo sí, tó bá mu ún tán tó ní o ṣé, ṣebí ó ti mu tẹ́rùn nìyẹn, ta ló tún máa bu omi fún un? Ṣé kí n wá kọ̀wé sí ọmọ mi kan ṣoṣo pé ó tó, má bù fún mi mọ́? Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ceferino, tí kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ, ní Liborio, wọ́n ní kí o kọ̀wé, wọn ò ní kí o da omi sí i. Blásida ní ti tereré yàtọ̀, ti lẹ́tà yàtọ̀. Mo mọ̀ pé ó yàtọ̀. N kì í ṣe òmùgọ̀.

Nimia, o rántí bí Deolinda ìyá rẹ ṣe máa ń jókòó lábẹ́ igi máńgòrò yẹn. Á gún míǹtì sínú omi tútù, á na ìwo sí mi, màá mu, màá dá a padà, á bù fún ọ, ìwọ náà á mu, ẹnu yín á kún fún òfófó ilé-ìwé. O máa ń fi igi kọ orúkọ mi sílẹ̀, ìyá rẹ á ní kí tòun tóbi ju tèmi lọ, adìyẹ á sì rìn kọjá lórí gbogbo wa. Ìgbà yẹn dùn o. N kò mọ̀ nígbà náà pé ó dùn tó bẹ́ẹ̀. Ìwo náà á máa yí ká títí oòrùn á fi kan àtàrí, kò sì sẹ́ni tó ń dúpẹ́. Nígbà tí àìsàn dé, tí ìwọ ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà, èmi ni mo wá ń bu omi fún un lórí ibùsùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó fà á díẹ̀, ó dá ìwo padà, ó wò mí lójú, ó ní Liborio, o ṣé. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo bu òmíràn, mo nà án sí i, kò gbà á. Kí o tó dé, a ti tan àbẹ́là yí pósí rẹ̀ ká.

Ìwé ẹ̀rí náà wù mí, n kò ní parọ́. Mo ti kan ìṣó mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọjọ́ tí o di tíṣà. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n máa gbà kí wọ́n tó fún mi, kí ìṣó náà máa dúró lásán. Blásida, mo mọ̀ pé ìwọ lo máa ka ibí kí o tó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ, jẹ́ kí wọ́n fi odo wọn síbẹ̀, n kò bínú. Ìwọ náà, Nimia, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ ni kí o máa fún ọmọ ọlọ́mọ ní máàkì lórí ohun tí wọ́n kọ, tí ọmọ kan bá fo ohun tí o ní kó kọ, jọ̀ọ́, pè é kí o bi í pé kí ló dé.

Òrùlé ilé ìdáná ń fẹ́ páànù, tí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n má fi sínú fóònù mọ́. Èyí tí o fi síbẹ̀ níjelòó, mo gbọn fóònù náà títí apá fi ro mí, ẹyọ kan kò já bọ́. Fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Tí kò bá sì sówó, ìwọ gan-an ni kí o máa bọ̀, ilé ìdáná á fara da òjò. Ọlọ́run á bù kún ọ, á dá ẹ̀mí rẹ sí, á fún ọ ní ọmọ tí yóò kọ lẹ́tà sí ìwọ náà. Tí o bá dé, tí mo bá na ìwo sí ọ, gbà á, mu ún, dá a padà fún mi, kí o sì pa ẹnu rẹ mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Liborio