Bí Kọ̀ǹpútà Aránṣọ Ṣe Di Ẹnu Màmá

                                        Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ,
                                        Òpópónà tó kọjú sí ibùdókọ̀.
                                        Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, oṣù Kẹta.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń gbádùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti jáwọ́ nínú ìjà ta ni yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé? Iṣẹ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé wàá ti máa bi ara rẹ pé kí ló gbé mi mì tí mi ò fi pè ọ́ láti ọjọ́ yìí. Má bínú. Tó o bá ka lẹ́tà yìí tán, wàá mọ̀ pé kì í ṣe ìgbéraga. Ara mi le, ara Màmá náà ń mókun, inú mi sì ń dùn débi pé mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Kí n má purọ́ fún ọ, kò sí oníbàárà tó wọ ṣọ́ọ̀bù lánàá tí mi ò sọ ọ́ fún. Ẹni tó kàn wá ra sípù náà gbọ́ ọ.

O mọ̀ pé látìgbà tí àìsàn ti mú ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu Màmá, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà, a sì ti ilé tiwọn pa. Gbogbo ohun tí à ń sọ ni wọ́n ń gbọ́, làákàyè wọn pé pérépéré, àmọ́ ohùn ò jáde. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ò ṣiṣẹ́, tòsì ń gbọ̀n, orí wọn náà sì ń mì fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Tá a bá bi wọ́n ní nǹkan tí orí wọn mì, àbúrò mi ọkùnrin á ní wọ́n gbà, èmi á ní wọ́n kọ̀. Kánmọ́kánmọ́ ni mò ń sọ, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ẹni tó máa ń jẹun tán kí ẹlòmíì tó fọ ọwọ́. Mo tiẹ̀ fi páálí aláwọ̀ méjì ṣe àmì, ọ̀kan fún bẹ́ẹ̀ ni, ìkejì fún rárá. Ìka Màmá ń lọ ó ń bọ̀ láàárín méjèèjì, kálukú wa sì ń mú èyí tó wù ú. Màmá á jókòó sáàárín wa, wọ́n á máa wò wá.

Oṣù tó kọjá ni Kánmọ́kánmọ́ wá kéde pé òun fẹ́ mú Màmá lọ sọ́dọ̀ òun. Ó ti kun yàrá, ó ti ra bẹ́ẹ̀dì tó ń gbé orí sókè fúnra rẹ̀, ó sì ti dá ọjọ́ sí Sátidé àná láti wá gbé wọn. Mi ò lè pè é léèyàn burúkú, nítorí ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Àmọ́ ibi tó ń gbé jìnnà, kò sẹ́ni tó mọ Màmá níbẹ̀, ó sì dá mi lójú pé ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n fẹ́ wà. Mo fàáké kọ́rí. Àbúrò mi wá wò mí, ó béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Àǹtí mi, ta ló sọ fún yín? Ṣé Màmá ló sọ fún yín ni?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí òótọ́ ló sọ.

Ṣé o rántí pé mo ti ń fi fóònù wo àwọn tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe áàpù, tẹ́ ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo fẹ́ fi kọ̀ǹpútà gé aṣọ? Mo ní ó tó àkókò. Màá ṣe áàpù tí Màmá á máa fi dáhùn. Mo ti wo àwọn tó wà nílẹ̀. Bọ́tìnnì wọn ò ju ti ṣẹ́ẹ̀tì ọmọdé lọ, kò sì sí èyí tó gbọ́ Yorùbá nínú wọn. Tọ́wọ́ tó ń gbọ̀n bá sì ti fara kàn wọ́n báyìí, wọ́n á máa sọ ìsọkúsọ. Èyí tí mo fẹ́ kò le: apá òkè á jẹ́ aláwọ̀ ewé fún bẹ́ẹ̀ ni, apá ìsàlẹ̀ á jẹ́ pupa fún rárá, kò sì ní sọ̀rọ̀ àfi tí ìka bá dúró díẹ̀ lórí rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ọkọ mi pa tì ni mo gbé jáde lábẹ́ àwọn ègé aṣọ. Ọ̀gá Wáyà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó ṣì lókun nínú, àmọ́ iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé lé e lórí wúwo. Ó ní kí n kó gbogbo fíìmù bọ́ọ̀lù ọkọ mi kúrò kí àyè lè ṣí sílẹ̀, kí òun sì fi mẹ́mọ́rì kún un kó má bàa máa tòògbé. Mo bá a rán ṣòkòtò, ó bá mi fi mẹ́mọ́rì sí i. Ó wá fi ètò tí wọ́n fi ń kọ áàpù hàn mí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìyá Ìbejì, ètò náà tóbi! Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Wáyà tí nẹ́tíwọ̀kì ti lágbára ni mo gbé kọ̀ǹpútà sí láàárọ̀, oòrùn ti fẹ́ wọ̀ kó tó wọlé tán.

Jọ̀ọ́, má sọ èyí tó kàn yìí fún ẹnì kankan. O mọ bí òwú àti eruku aṣọ ṣe ń fò kiri lọ́dọ̀ mi. Mo bá rán ẹ̀wù fún kọ̀ǹpútà. Mo fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀, mo gbá etí rẹ̀, ó bá a mu rẹ́gí, àfi ojú rẹ̀ àti ibi tí a ń tẹ̀ nìkan ló hàn síta. Mo gbé e sórí tìmùtìmù bí ọmọ ọba, mo ní kó máa fi ètò yẹn sínú ara rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi gbóná, ó ń hó, ó kú. Mo tún tàn án, ó tún kú. Ní ọjọ́ kejì ó ṣe bẹ́ẹ̀ náà, Sátidé sì ń sún mọ́lé. Mo sunkún, kí n sọ òótọ́. Nígbà tí Ọ̀gá Wáyà dé, ó wo kọ̀ǹpútà nínú ẹ̀wù rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí, nǹkan yìí ń mí o. Imú rẹ̀ lẹ fi fóòmù dí yìí."

Mo tú ẹ̀wù náà lójú ẹsẹ̀. Mo gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo fi àgbá òwú gbé igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sókè kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Látìgbà náà kò tún kú mọ́.

Ó wá ku fóònù. Ètò yẹn ní fóònù àfarawé kan tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà, àmọ́ ó ń wọ́ bí ìgbín, Ọ̀gá Wáyà ní kí n lo fóònù gidi. Mo ní láti wọ inú ètò fóònù mi lọ, kí n máa tẹ ojú kan náà léraléra, títí fóònù fi kọ ọ́ síta gbangba pé mo ti di ẹni tó ń ṣe áàpù. Orí mi wú. Mo pe àwọn ọmọṣẹ́ mi kí wọ́n wá kà á. Mo fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà lóun ò rí fóònù kankan. Mo yọ ọ́, mo fì í, mo bẹ̀ ẹ́. Àṣé wáyà tó kàn ń gbé iná ni tèmi, kì í gbé ọ̀rọ̀. Mo yá ti Ọ̀gá Wáyà. Fóònù bi mí bóyá mo fọkàn tán kọ̀ǹpútà yìí, mo ní tọkàntara. Mo tẹ ibi tó ní kó máa ṣiṣẹ́. Ojú fóònù funfun báláú, ó dúró pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi kọ tó yọ síbẹ̀: Ẹ káàbọ̀, Màmá. Mo fò sókè. Àwọn ọmọṣẹ́ rò pé abẹ́rẹ́ ló gún mi. Mo jó yí gbogbo máṣíìnì po, mo sì tún padà jó yí wọn po lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bọ́tìnnì méjèèjì ò gbà mí lákòókò lẹ́yìn ìyẹn. Ohùn àbúrò Màmá, èyí tá à ń pè ní Màmá Kékeré, ni mo gbà sínú rẹ̀, nítorí ohùn àwọn méjèèjì jọra. Ní Jímọ̀ mo gbé fóònù síwájú Màmá, mo béèrè bóyá ọkùnrin ni wọ́n. Ìka wọn gbọ̀n, ó bà lé pupa, ó dúró. Fóònù ní, "Rárá." Màmá wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Kánmọ́kánmọ́ dé lánàá, ó ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀ de Màmá. Mo ṣàlàyé áàpù fún un, kò gbà á gbọ́. Ó ní òun á kọ́kọ́ dán an wò. Ó bi Màmá bóyá òun ló fọ́ dígí kọ́bọ́ọ̀dù nígbà tóun wà lọ́mọdé, ohun tó ti ń sẹ́ láti kékeré. Màmá tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ara mi yá gágá. Ó wá kúnlẹ̀, ó béèrè bóyá wọ́n máa bá òun lọ. Ìka rìn díẹ̀, ó dúró. Rárá.

Mo ti na ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo ti ń sọ fún un pé ṣé mi ò wí, ṣé mi ò wí. Àbúrò mi nu ojú, ó ní kí èmi náà béèrè tèmi. Mo fi gbogbo ẹnu béèrè pé, "Màmá, ọ̀dọ̀ mi lẹ fẹ́ máa gbé, àbí?"

"Rárá."

Mo ní wọ́n ṣì í tẹ̀. Mo tún béèrè. Wọ́n tún tẹ pupa, wọ́n sì tẹjú mọ́ mi. Kánmọ́kánmọ́ ló ronú kàn án, ó béèrè bóyá ilé tiwọn ni wọ́n fẹ́ padà sí. Màmá gbé ìka lé aláwọ̀ ewé, wọn ò gbé e kúrò mọ́, fóònù ń pariwo bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, títí omi fi gba ojú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìyá Ìbejì, wọ́n bá mi jiyàn! O mọ bó ṣe pẹ́ tó tí Màmá ti bá mi jiyàn gbẹ̀yìn? Mo pàdánù, inú mi sì dùn ju ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ lọ. Láàárọ̀ yìí la ṣí ilé wọn, a gbá a, a nù ún, Kánmọ́kánmọ́ ti gba ilé lọ láti gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn wá síbẹ̀, Màmá Kékeré á sì máa bá wọn gbé. Èmi á máa yọjú sí wọn lójoojúmọ́, tí wọ́n bá gbà fún mi.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì, kó o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Ọ̀gá Wáyà tí ò mọ̀ ọ́ rí náà ní kí n kí ọ. Kí n tó jókòó ti lẹ́tà yìí, mo bi Màmá bóyá kí n bá wọn kí ọ. Wọ́n tẹ aláwọ̀ ewé. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń kọ ọ́ sí ọ látìgbà àìsàn pé Màmá ń kí ọ, èmi ni mo ń fi sí wọn lẹ́nu. Tòní yìí, àwọn gan-an ló kí ọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní í jẹ́ kó o gbádùn mọ́ báyìí,
Alábẹ́rẹ́.