Àgbà Ni Mo Fi Síwájú Nínú Kọ̀ǹpútà Rẹ

Ìyá Wáyà mi, ọmọ tí mo bí tí ó tún ń tọ́ mi sọ́nà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ilé, mo sì kí ọ kú ìjókòó ìdí ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ẹ̀yìn kò ní dùn ọ́, ọ̀gá rẹ yóò máa rí iṣẹ́ rẹ ní rere. Àwa náà wà láyọ̀ níhìn-ín. Òrùlé yàrá àlejò ti dẹ́kun jíjò, ewúrẹ́ aláwọ̀ eérú ti bí méjì, káfíńtà tí ó ní ọ̀la ni òun yóò gbé àga wa wá ṣì ń sọ pé ọ̀la ni, ó sì ti pé oṣù mẹ́ta. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní kí n tètè kọ ọ́ síwájú, nítorí bí mo bá ti dé ìdí ọ̀rọ̀ tèmi, mo máa ń gbàgbé ti ẹlòmíràn. Mo ti kọ ọ́ o.

Ọ̀rọ̀ tí ó gbé kálámù lé mi lọ́wọ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sọ lórí fóònù, nítorí fóònù a máa gé ọ̀rọ̀ sí méjì, apá tí ó bá sì bọ́ nù ni ó máa ń jẹ́ apá tí ó dára. Mo bẹ̀ ọ́, jókòó kí o tó máa kà á lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, sọ fún un pé baba rẹ kí i, kí o sì yí ìwé náà sápá kan.

Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ jẹ́wọ́ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Awọ funfun ti ń bo ojú ìyá rẹ láti ọdún tó kọjá. Òun tí ó jẹ́ aránṣọ tí gbogbo ayé ń yìn, ó rán apá kan ẹ̀wù mi gùn ju èkejì lọ, nígbà tí mo sì fi hàn án, ó ní apá èmi gan-an ni kò dọ́gba. Dókítà ojú ní ilé ìwòsàn tí o ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní kí nọ́ọ̀sì wa máa ya àwòrán ojú náà ránṣẹ́, kí àwọn lè mọ̀ bóyá wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Iná kì í dúró ní ilé ìtọ́jú wa, ìdí nìyẹn tí o fi gbé kọ̀ǹpútà Línọ́ọ̀sì yìí, tí a ń fi àṣẹ títẹ̀ rán níṣẹ́, sí pálọ̀ wa, tí o sì la ọ̀nà abẹ́lẹ̀ kan fún un láti ibí dé ọ̀dọ̀ yín. O ṣàlàyé fún mi nígbà náà pé kò sí ẹni tí yóò gbẹ́ ilẹ̀, pé inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà tí gbogbo ayé ń rìn ni, ṣùgbọ́n pé o bo tiwa lórí kí ojú ẹlòmíràn má baà rí ojú ìyá rẹ. O ní ilé ìwòsàn kò ní gba àwòrán kankan tí kò bá gba ibẹ̀ wọlé. Mo yìn ọ́ nígbà náà, mo tún ń yìn ọ́ báyìí.

Nígbà tí ààrá sán lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, o ní kí a pa ẹ̀rọ náà. Nígbà tí a tan án padà, ìlà méjèèjì tí o fi júwe ọ̀nà fún un ti pòórá. O wá ń pè wọ́n fún mi lórí fóònù lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, èmi ń gbà á sínú ìwé, mo sì ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Kí n sọ òtítọ́, mo kọ́kọ́ tẹ ìkíni ẹ kú iṣẹ́ síwájú àṣẹ náà, nítorí n kò tíì rí ibi tí a ti ń rán ẹni níṣẹ́ láìkí i. Ẹ̀rọ náà dáhùn pé òun kò mọ àṣẹ tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ẹnu kí i, tí mo sì ń fi ìka rán an níṣẹ́, ó sì tẹ́ àwa méjèèjì lọ́rùn. Nípa ìwà, kí a má parọ́, ẹ̀rọ náà gba oríyìn. Nígbà tí ó béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí tí o fún mi, tí mo sì ń tẹ̀ ẹ́, kò fi ẹyọ lẹ́tà kan hàn síta. Ó yíjú sápá kan bí ọmọ tí a kọ́ nílé títí mo fi parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bàjẹ́ nìyí. O ní kí n kọ àádọ́ta sí ìparí ìlà ọ̀nà abẹ́lẹ̀, kí n sì kọ ẹgbẹ̀ta sí ìparí ìlà ọ̀nà gbangba, èyí tí yóò kàn máa dúró de ọjọ́ ìṣòro. O ní nọ́ńbà yìí ni ẹ̀rọ yóò fi mọ èyí tí yóò ṣáájú. Àánú rẹ ṣe mí. Mo ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ọmọ yìí. Báwo ni ẹni àádọ́ta yóò ṣe máa rìn níwájú ẹni ẹgbẹ̀ta? Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ pọ̀ ni í kọ́kọ́ bọwọ́ sáwo, òun ni í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, òun ni a ń yà fún lójú ọ̀nà. Ọ̀nà tí ọmọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ là, tí ojú ìyá rẹ̀ yóò gbà kọjá, kí n wá sọ ọ́ di àbúrò ọ̀nà tí tajá tẹran ń tẹ̀? N kò bá ọ jiyàn, kí ojú má baà tì ọ́. Mo kàn fi ẹgbẹ̀ta dá ọ̀nà abẹ́lẹ̀ lọ́lá, mo fi àádọ́ta fún èkejì. Nígbà tí o béèrè bóyá mo ti kọ ọ́ bí o ti pè é, mo dáhùn pé mo ti kọ ọ́ bí ó ti yẹ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni o fi wá àìsàn ẹ̀rọ náà. Nọ́ọ̀sì ń fi àwòrán ránṣẹ́, àwòrán ń gba ọ̀nà gbangba jáde, ilé ìwòsàn kò sì gbà wọ́n, bí àlejò tí ó fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé. Dókítà ti sọ pé bí òun kò bá rí ojú náà kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, òun yóò pa ìwé dé, ó di ọdún tí ń bọ̀. Ìyá rẹ kò pariwo. Ó kàn ń fi ìka wá ihò abẹ́rẹ́, tí kò bá rí i, á gbé e sílẹ̀, á tún gbé e. Ó sàn fún mi kí ó bú mi.

O ní kí n kan ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn láti inú ẹ̀rọ, bóyá wọn yóò dáhùn. Mo tẹ àṣẹ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. O kò sọ bí a ti í dá a dúró fún mi, èmi náà sì rò pé ẹni tí ó ń wá nǹkan kì í yára kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo bá jókòó tì í. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé lọ́sàn-án, ó tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀, ẹ̀rọ dúró, ó sì ka iye rẹ̀: ó ti kàn án nígbà ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ìyá rẹ ti ń pè mí ní Baba Akanlẹ̀kùn láti ọjọ́ náà. Bá mi bẹ ẹni tí ó bá ń jókòó nítòsí ilẹ̀kùn yẹn.

O tún ní kí n wò ó bóyá ìpẹ̀kun méjèèjì ọ̀nà abẹ́lẹ̀ ṣì ń bọ ara wọn lọ́wọ́, èyíinì ni pé wọ́n ṣì mọ ara wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọwọ́ ni, kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì. Ẹnu yà ọ́. O ní ọ̀nà là, kò sẹ́ni tí ń rìn ín. O wá ní kí n ka ìwé ọ̀nà inú ẹ̀rọ sí ọ létí, mo sì ka ibi tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ti jáde àti ibi tí ó ń lọ. Nọ́ńbà ìparí wọn ni n kò kà. Mo ti gbé ohùn fóònù síta, àlejò kún pálọ̀, a kì í sì í ka ọjọ́ orí àgbà lójú àlejò. Báyìí ni o ṣe di ẹ̀bi ru ọ̀dọ́kùnrin tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà yín, o ní òun ni ó ń lé wa padà.

Ní Ọjọ́bọ̀, orúnkún mi gbé mi lọ sí ilé ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì fún mi ní káàdì tí ó ní nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo dúpẹ́, mo sì tún agbádá ṣe lọ́rùn pé wọ́n mọyì mi. Kò pẹ́, ó pe nọ́ńbà méjì, ìyá kan sì gbé ọmọ jòjòló dìde, ó wọlé. Mo fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bóyá kì í ṣe orí kodò ni ó di ìwé rẹ̀ mú. Ó ní, Baba, níbi tí a bá ti ń tò, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ni í kọ́kọ́ wọlé. Ìyá Wáyà, òógùn bò mí. Mo fi fìlà mi sórí bẹ́ǹṣì kí ó bá mi di ààyè mú, mo sì gba ilé lọ. Mo gbàgbé orúnkún.

Mo kí ẹ̀rọ náà, mo tọrọ àforíjì, mo pa ìlà méjèèjì rẹ́, mo sì tún wọn kọ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìwé tí mo fi gba ọ̀rọ̀ rẹ sílẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn. Wọ́n dáhùn kí n tó gbé ìka kúrò. Mo padà lọ pe nọ́ọ̀sì, mo bá fìlà mi tí wọ́n ti ń sún síwájú títí, ó ku ẹni mẹ́rin kí ó kàn án. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòrán ojú ìyá rẹ ti dé ọ̀dọ̀ yín.

O pè mí pẹ̀lú ayọ̀ pé ọ̀dọ́kùnrin yẹn ti ṣí ẹnu ọ̀nà níkẹyìn nítorí pé o bá a wí. Kò ṣí nǹkan kan, ọmọ mi. Kò ti nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Baba rẹ ni. Lọ bá a, fi ìwà ọmọlúàbí tí mo mọ̀ mọ́ ọ bẹ̀ ẹ́, kí o sì fi lẹ́tà yìí hàn án bí kò bá gbà. Ọ̀nà abẹ́lẹ̀ náà ni nọ́ọ̀sì yóò gbà fi àwòrán lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ.

Ìwé dókítà ti dé. Nọ́ńbà mẹ́rin ni wọ́n fún ìyá rẹ lórí ìlà iṣẹ́ abẹ. Ká ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni, mi ò bá ti kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá wa fi kún un. Baba Onígẹdú aládùúgbò wa gba mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ó sì ti ń fi han gbogbo àdúgbò pé ilé ìwòsàn mọ ẹni tí òun jẹ́. Mo kí i kú oríire. Mo ní kí nọ́ọ̀sì bá a sọ ìyókù.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀: owó ọkọ̀ ẹni méjì kí Ọjọ́rú tí a ó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà tó dé, àti díẹ̀ lé e tí ìyá rẹ yóò fi ra òwú, nítorí ó ní iṣẹ́ tí òun yóò kọ́kọ́ ṣe bí ojú bá là ni apá ẹ̀wù mi.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní nọ́ńbà ńlá nínú ọdún, nínú ọmọ àti nínú ayọ̀. Níbi tí wọ́n bá sì ti ń tò fún oore, yóò fún ọ ní nọ́ńbà kìn-ín-ní.

Èmi ni, baba rẹ tí ó kàn án nígbà ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá.