Ìgbéyàwó Orí Òkè Tí Mummy Ò Gbọ́

Tuesday, ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin tó ń gba ohùn mi sílẹ̀ nínú fóònù yìí, ẹ tẹ́tí, mi ò ní í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Dékẹ́, ọmọ ọmọ mi, kúnlẹ̀ ní kíṣìnnì mi lónìí. Ó ní òun àti Marcus fẹ́ lọ ṣègbéyàwó lórí òkè ní Scotland, nínú snow, àwọn méjèèjì péré. "Grandma, Mummy fẹ́ pe gbogbo church. Ẹ má sọ fún wọn, ẹ ṣáà súre fún mi."

"Aṣọ ìyàwó tí ò lápá tí o fi hàn mí yìí, nínú òtútù?"

"Màá wọ cardigan yín lé e."

Mo ní kó lá oyin, kó tọ́ iyọ̀ wò, mo súre. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí i, Rónkẹ́ ọmọ mi, ló yẹ kó ṣe é. Tó bá gbọ́ pé èmi ni mo...

Òun ló ń ṣílẹ̀kùn yìí.

"Mọ́mì, ṣé Dékẹ́ wá síbí? Kì í sọ nǹkan kan fún mi mọ́."